Ebi Jẹjẹrẹ Kò Sí Nínú Gààrí

Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kì í pẹ́ tí dókítà bá ti dárúkọ jẹjẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká oúnjẹ kúrò níwájú aláìsàn. Ṣúgà ni yóò kọ́kọ́ lọ. Gààrí yóò tẹ̀ lé e, nítorí wọ́n ní ṣúgà náà ni gààrí ń dà bí ó bá dé inú. Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, ìkọ́kọrẹ́ ti di èèwọ̀, ọsàn àti ìbẹ́pẹ pàápàá ti di ohun tí a ń fojú burúkú wò. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ, pé ẹni tí ó bá fi ebi pa á yóò rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, n kò sì ní fojú kéré ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni, ìdajì tí ó kù sì lè pa ènìyàn lára. Lóòótọ́ ni sẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ máa ń jẹ ṣúgà ju sẹ́ẹ̀lì tí ó yè kooro lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé àṣẹ ìjẹkújẹ yẹn kò ti inú àwo oúnjẹ wá. Inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ó ti ń jáde, láti ara àwọn àmì tíntìntín tí a so mọ́ purotéènì. Ó sì yẹ kí a mọ orísun àṣẹ náà, nítorí pé a ti rí oògùn tí ó ń dá irú àmì bẹ́ẹ̀ dúró, a kò sì tíì rí àwẹ̀ kankan tí a fi wo jẹjẹrẹ sàn.

Gààrí gan-an ni yóò jẹ́ kí a lóye ìdajì tí ó jẹ́ òtítọ́. Bí a bá bó ẹ̀gẹ́ tí a sì rin ín, a ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, a ó sì fi sílẹ̀ kí ó kan. Òkìkí gààrí Ìjẹ̀bú ti inú kíkan yìí wá, nítorí àwọn tí ń ṣe é kì í kánjú yan án. Ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi wà nínú àpò, àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀gẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé dáadáa, wọ́n sì ń sọ ọ́ di àsìdì láktíìkì. Àsìdì yìí wà lára ohun tí ahọ́n ń pàdé nígbà tí a bá bu omi tútù sí gààrí. Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn náà mọ ọ̀nà yìí. Bí a bá sáré débi tí èémí kò tó iṣan mọ́, iṣan yóò mú ṣúgà kan bí ẹ̀gẹ́ ti ń kan, yóò sì rí agbára díẹ̀ fi gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá wà, sẹ́ẹ̀lì tí ó yè kooro yóò yan ọ̀nà kejì, yóò fi ọ́síjìn sun ṣúgà náà tán pátápátá. Ìyàtọ̀ èrè ọ̀nà méjèèjì kò kéré. ATP ni owó tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ra gbogbo iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹyọ ṣúgà glukóòsì kan tí a fi ọ́síjìn sun yóò mú nǹkan bí 30 ATP wá. Èyí tí a mú kan lásán yóò mú 2 péré wá.

Ní àwọn ọdún 1920, ní ìlú Berlin, onímọ̀ ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Otto Warburg rí ohun kan tí kò bójú mu. Àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó ń yẹ̀ wò ń mú ṣúgà kan bí ẹni pé inú àpò ẹ̀gẹ́ ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn yí wọn ká. Wọ́n ń gba 2 níbi tí wọ́n ti lè gba 30, nítorí náà wọ́n ní láti gbé ṣúgà mì lọ́pọ̀ yanturu. Òun ni ẹ̀rí tí àwọn tí ń sọ pé ṣúgà ni oúnjẹ jẹjẹrẹ ń tọ́ka sí, ẹ̀rí náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀: títí dòní ni àwọn ilé-ìwòsàn ńlá ń fi ṣúgà tí a ti fi ìtànṣán díẹ̀ sí wá jẹjẹrẹ kiri inú ara, ibi tí ṣúgà náà bá pọ̀ sí ni wọn yóò tẹjú mọ́. Warburg ṣe àṣìṣe kan ṣá. Ó gbà pé ilé-ìdáná sẹ́ẹ̀lì, èyí tí à ń pè ní mitokọ́ńdíríà, ti bàjẹ́, pé ìbàjẹ́ yẹn gan-an ni ó bí jẹjẹrẹ. Ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, ilé-ìdáná ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ààrò kò fọ́, tí igi ìdáná wà, tí afẹ́fẹ́ wà, ẹnìkan ní láti ti pàṣẹ pé kí a má ṣe se oúnjẹ náà jinná. Ta ni ó pàṣẹ?

Àwọn baba ńlá Ìjẹ̀bú ní ohun kan tí ó sún mọ́ ìdáhùn náà ju àfiwé ilé ẹ̀rọ tí àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì kún fún. Àrokò ni. Ní àwọn ọdún 1880, àrokò Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tí a kó lọ pàtẹ fún àwọn onímọ̀ nípa ìṣẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Okùn kan, owó ẹyọ mélòó kan, ìyẹ́ ẹyẹ kan, àmọ́ ẹni tí ó gbà á mọ ohun tí yóò ṣe. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ; bí ó bá di mẹ́jọ, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Nǹkan kékeré tí a so mọ́ okùn yí ìtumọ̀ padà, ó sì yí ìwà ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí padà. Bí a bá tú u, iṣẹ́ náà ti parí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì tí mo ń sọ ju ti ẹ̀wà àti ẹyin inú oúnjẹ lọ: àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ni, tí ń ṣí ilẹ̀kùn, tí ń gé ṣúgà, tí ń ka àbùdá, tí ń pín sẹ́ẹ̀lì sí méjì. Àbùdá ni ó ní àpẹẹrẹ tí a fi mọ wọ́n. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti mọ wọ́n tán, ohun kékeré tí a bá so mọ́ wọn lára ni yóò sọ bóyá kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n kó lọ sí ibòmíràn, tàbí kí a fọ́ wọn túútúú.

Edmond Fischer àti Edwin Krebs ni ó kọ́kọ́ rí bí ọ̀kan nínú àwọn àmì yìí ti ń ṣiṣẹ́, ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950. Ohun tí wọ́n ń wádìí gan-an ni bí iṣan ṣe ń tú ṣúgà tí ó fi pamọ́ sílẹ̀. Wọ́n rí i pé bí a bá so fọ́sífétì kan péré mọ́ purotéènì tí ń ṣe iṣẹ́ náà, yóò jí. Bí a bá tú fọ́sífétì náà, yóò sùn. Ẹ kíyè sí i pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àmì àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti so pọ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992. Àwọn purotéènì tí ń so fọ́sífétì ni à ń pè ní kinase, irú wọn sì lé ní 500 nínú ara ènìyàn. ATP, owó sẹ́ẹ̀lì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n ti ń já fọ́sífétì tí wọ́n ń so. Fọ́sífétì nìkan kọ́ sì ni àmì tí ó wà. Òmíràn wà tí ń jẹ́ ubiquitin, tí ó sábà máa ń jẹ́ àrokò ikú: purotéènì tí a bá so ó mọ́ ti di ohun tí a ó gbé lọ fọ́.

Wàyí o, báwo ni àmì ṣe ń pàṣẹ ìjẹun? Ẹ jẹ́ kí a mú ojú ibi méjì péré wò. Ibi kìíní ni ìpẹ̀kun ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà di wẹ́wẹ́. Purotéènì kan tí ń jẹ́ PKM2 dúró síbẹ̀ bí oníbodè, òun ni ó ń jẹ́ kí ìyókù ṣúgà kọjá lọ sí ilé-ìdáná. Ní 2009, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àwọn kinase tí ń ti jẹjẹrẹ síwájú máa ń so fọ́sífétì mọ́ oníbodè yìí, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì fà. Ohun tí kò rí ọ̀nà kọjá yóò kún sẹ́yìn, sẹ́ẹ̀lì yóò sì yà á sọ́tọ̀ fún kíkọ́ ara tuntun: awọ sẹ́ẹ̀lì, àbùdá tuntun, purotéènì tuntun. Níhìn-ín ni ìwà tí Warburg kà sí ìbàjẹ́ ti ní ìtumọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé kò ní fi gbogbo pákó rẹ̀ dáná. Sẹ́ẹ̀lì tí ó fẹ́ di méjì nílò èròjà ju iná lọ. Ibi kejì ni purotéènì HIF, ẹni tí ń kéde ìyàn ọ́síjìn. Nígbà tí ọ́síjìn bá tó, a máa so àmì kan mọ́ HIF, àmì yẹn ni yóò jẹ́ kí purotéènì mìíràn, VHL, dá a mọ̀, tí yóò sì jẹ́ kí a so ubiquitin mọ́ ọn, kí a sì fọ́ ọ. Nígbà tí ọ́síjìn bá wọ́n, àmì kò ní sí, HIF yóò wà láàyè, yóò sì pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì ṣí ilẹ̀kùn ṣúgà sí i, kí ó sì mú un kan. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ kíndìnrín, VHL ti bàjẹ́. Kò sí ẹni tí yóò ka àmì náà mọ́, HIF ń pariwo ìyàn láàárín ọ̀pọ̀, sẹ́ẹ̀lì sì gbà á gbọ́. William Kaelin, Peter Ratcliffe àti Gregg Semenza gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019 fún ìtàn HIF yìí.

Ẹlòmíràn lè sọ pé gbogbo èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí òyìnbó. Ẹ̀rí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù kò jìnnà sí wa. Ilé-Ifẹ̀ ni ó wà. Oríṣi jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CML. Ẹ̀jẹ̀ funfun aláìsàn yóò máa pọ̀ sí i láìdúró, ẹ̀yà ara tí ó wà lábẹ́ ìhà òsì yóò wú títí ikùn yóò fi ga, ara yóò máa gbẹ. Ní 1960, àwọn onímọ̀ méjì ní Philadelphia rí krómósómù kan, ìyẹn ìdì tí àbùdá wà nínú rẹ̀, tí ó kúrú ju bí ó ti yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní 1973, Janet Rowley ní Chicago fi hàn pé krómósómù kẹsàn-án àti ìkejìlélógún ni ó já tí wọ́n sì fi àjákù ara wọn ṣe pààrọ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ mú purotéènì kan jáde tí kò sí nínú ara ẹni tí ara rẹ̀ le, BCR-ABL. Kinase ni. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí kinase tí ó yè kooro ni pé kò mọ oorun. Tọ̀sán-tòru ni ó ń so fọ́sífétì mọ́ ọ̀pọ̀ purotéènì tí ó bá pàdé lọ́nà, àrokò kan náà ni gbogbo wọn sì ń jẹ́: ẹ jẹun, ẹ pín, ẹ má kùú.

Oògùn tí ó ń bá a jà ni imatinib, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Lára BCR-ABL, ihò kan wà tí ATP máa ń jókòó sí kí a tó já fọ́sífétì lára rẹ̀. Imatinib yóò lọ jókòó síbẹ̀, ATP kò ní rí àyè, kinase kò ní rí fọ́sífétì tí yóò so. Kò pa àbùdá kankan rẹ́, kò sì dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kù láti fi ebi pa sẹ́ẹ̀lì. Ó kàn gba okùn lọ́wọ́ ẹni tí ń so àrokò. Ní oṣù Kẹjọ 2003, Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn CML ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ètò ìrànlọ́wọ́ tí ilé-iṣẹ́ Novartis àti àjọ Max Foundation gbé kalẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Dúrósinmí sì ni aṣáájú àwọn dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ náà. Ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 sọ nípa 98 aláìsàn tí wọ́n tọ́jú títí di 2007. Ọjọ́ orí ẹni àárín nínú wọn jẹ́ ọdún 36. Ẹni tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ní Amẹ́ríkà, àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni CML sábà máa ń mú. Níhìn-ín, àwọn tí ó ṣì ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ oòjọ́, ni ó ń mú. Láàárín oṣù mẹ́ta, iye ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jù lọ nínú wọn ti padà sí bí ó ti yẹ kí ó wà. Nínú ìdánwò ńlá tí a ṣe káàkiri àgbáyé lórí oògùn kan náà, 83 nínú 100 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. CML jẹ́ àìsàn tí ó máa ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín ọdún mélòó kan kí oògùn yìí tó dé.

Mo ti ń retí àtakò kan láti ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba krómósómù. Ẹni tí ó mọ̀ nípa àbùdá yóò ní: ṣebí ìwọ náà sọ pé krómósómù ni ó já, nígbà náà àbùdá ni ìdí ọ̀rọ̀, àmì kàn jẹ́ ẹrú tí ń jíṣẹ́ ni. Lóòótọ́ ni àbùdá ni ó dá BCR-ABL. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí imatinib ṣe, ẹ sì wo ohun tí kò ṣe. Kò tún krómósómù kankan dì. Ní Faransé, àwọn dókítà mú àwọn aláìsàn tí àyẹ̀wò kò rí ipa CML lára wọn mọ́ fún ọdún méjì gbáko, wọ́n ní kí wọ́n dá oògùn dúró. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2010 sọ pé àìsàn náà padà sí ara èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ, ní oṣù díẹ̀ sí i, ó sì tún sinmi nígbà tí wọ́n padà sórí oògùn. Àbùdá tí ó já wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, lára àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ọjà àti ibi iṣẹ́. Ohun tí ó yàtọ̀ láàárín ìgbà ìlera àti ìgbà àìsàn ni bóyá a ń so àmì tàbí a kò so ó. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wa tó.

Ìyẹn nípa ìdàgbà. Ti ebi ńkọ́? Ẹ̀rí tí ó dán mọ́rán jù ti ara oògùn yìí kan náà wá, lórí jẹjẹrẹ mìíràn tí ń mú ikùn àti ìfun, tí à ń pè ní GIST. Kinase mìíràn, KIT, ni kò mọ oorun nínú tirẹ̀, imatinib sì ń dí òun náà lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn dókítà fi ṣúgà onítànṣán wo àwọn aláìsàn kí wọ́n tó lo oògùn, kókó jẹjẹrẹ náà ń tàn bí iná. Nígbà tí wọ́n tún wò wọ́n lẹ́yìn wákàtí 24, iná náà ti ń kú lára ọ̀pọ̀ wọn. Kókó náà ṣì tóbi bí ó ti tóbi tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ni yóò gbà kí ó tó sún kì. Ó ti dá ìjẹkújẹ dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Ó dá mi lójú pé ìtẹ̀léra yìí ni ó ya àwíjàre kúrò lára òtítọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ṣúgà inú oúnjẹ ni ó ń mú kókó náà jẹun, kò yẹ kí ó jáwọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò yí oúnjẹ rẹ̀ padà. Àmì ni a gbà kúrò, ebi sì tẹ̀ lé e lọ.

Síbẹ̀, ẹnìkan lè rò pé bí àmì tilẹ̀ ni ó ń pàṣẹ, bí oúnjẹ kò bá sí, kí ni sẹ́ẹ̀lì yóò jẹ? Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ara kì í jẹ́ kí ṣúgà tán nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí ọpọlọ kò lè dúró láìsí i. Bí a kò bá jẹun, ẹ̀dọ̀ yóò mú ẹran ara iṣan wa, yóò sọ ọ́ di ṣúgà, yóò sì tú u sínú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ ti ń mu. Iṣan apá àti itan aláìsàn ni a ń yọ́ fún un. Jẹjẹrẹ tún mọ bí a ti ń jẹ ohun mìíràn, bí èròjà glutamine tí purotéènì ara wa kún fún. Aláìsàn tí ó bá rù jù kì í sábà lè fara da oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ dáadáa. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N kò sọ pé oúnjẹ kò já mọ́ nǹkan kan o. Sísanra jọ̀kọ̀tọ̀ àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tí ń mú kí àwọn jẹjẹrẹ kan wọ́pọ̀ sí i, ẹni tí ó bá dín mínírà kù kò sì ṣi ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ kan ń wádìí bóyá irú oúnjẹ kan lè kún oògùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé orí gbígba àwo gààrí lọ́wọ́ ìyá tí ó ti rù, ọ̀nà jìn.

Ubiquitin, àrokò ikú tí mo mẹ́nu bà, kan àwọn ọmọbìnrin wa gan-an. Nínú sẹ́ẹ̀lì, purotéènì kan wà tí ń jẹ́ p53. Bí àbùdá bá bàjẹ́, òun ni ó ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró, tàbí kí ó ní kí sẹ́ẹ̀lì náà pa ara rẹ̀. Ó tún ń dá ọwọ́ ìjẹkújẹ ṣúgà dúró, ó sì ń ti sẹ́ẹ̀lì padà sí lílo ọ́síjìn. Fáírọ́ọ̀sì HPV, tí ó wà nídìí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, gbé purotéènì tirẹ̀ kan wọlé tí ń jẹ́ E6. E6 kò bá p53 jà. Yóò mú òṣìṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí ń so ubiquitin, yóò fà á lọ sí ọ̀dọ̀ p53, òṣìṣẹ́ náà yóò sì so àrokò ikú mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ọlọ́dẹ rẹ̀. Jẹjẹrẹ yìí wà lára àwọn tí ń pa obìnrin jù ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹwàá 2023, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ náà yóò sọ ọmọ di àgàn. Ohun tí ó ń ṣe kò kan ọmọ bíbí. Ó ń kọ́ ara láti lé fáírọ́ọ̀sì náà kí ó tó wọ sẹ́ẹ̀lì, kí E6 má baà rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni yá lò.

N kò fẹ́ ta ọjà tí kò sí nínú apẹ̀rẹ̀. CML rọrùn nítorí pé kinase kan ṣoṣo ni ó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Púpọ̀ nínú àwọn jẹjẹrẹ tí ń di kókó ní àmì púpọ̀ tí ń pàṣẹ pọ̀. Bí a bá dí ọ̀kan, òmíràn lè gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ìròyìn PKM2 jáde, ìrètí ga pé oníbodè yẹn ni àìlera jẹjẹrẹ. Ní 2013, wọ́n mú PKM2 kúrò lára ọmú àwọn eku kan, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ọmú hù lára wọn. BCR-ABL pàápàá máa ń yí ihò rẹ̀ padà nígbà mìíràn tí imatinib kò fi ní lè jókòó síbẹ̀ mọ́, a ó sì ní láti wá oògùn mìíràn. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Chicago tún fi ohun kan kún un tí ó ta kókó sí okùn ọ̀rọ̀ mi. Láktéètì, èyí tí ó ń jáde nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá mú ṣúgà kan, lè lẹ̀ mọ́ àwọn purotéènì tí a wé àbùdá mọ́, kí ó sì di àmì fúnra rẹ̀, tí yóò máa yí àbùdá tí a ń kà padà. Nítorí náà àmì ń pàṣẹ ìjẹun, ohun tí ìjẹun sì fi sílẹ̀ tún ń di àmì. Ṣé èyí dá ẹjọ́ gààrí padà? Rárá. Láktéètì tí wọ́n ń sọ, inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni a ti ṣe é, lábẹ́ àṣẹ àwọn àmì tí ó ṣáájú rẹ̀. Kíkan tí ó wà nínú abọ́ gààrí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Bí ó bá rí báyìí, ìbéèrè tí ìdílé yẹ kó gbé lọ bá dókítà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù yàtọ̀ sí ohun tí aláìsàn lè jẹ. Àmì wo ni ó wà nídìí kókó yìí, ṣé a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò? Nínú jẹjẹrẹ ọmú, bí a bá gé bíńtín lára kókó náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ọ̀kan nínú ohun tí ó yẹ kí a wá ni HER2, kinase kan tí ó máa ń pọ̀ lápọ̀jù lára nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún. Oògùn trastuzumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1998, ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tí a kò yẹ HER2 rẹ̀ wò kò lè rí oògùn náà gbà, bí owó tilẹ̀ wà. Àyẹ̀wò náà ń náni lówó, oògùn náà sì wọ́n kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè dá san. Irú ètò tí ó jẹ́ kí imatinib dé ọ̀dọ̀ aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ yẹ kó wà fún jẹjẹrẹ ọmú náà, ó sì yẹ kí ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn gbọ́ ọ lẹ́nu wa léraléra. Ní ti àwọn tí ń lo imatinib, ìtọ́ni tí ó bá oògùn náà wá ṣe kedere: kí aláìsàn lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, kí ó sì fi ife omi ńlá kan gbé e mì.